Ẹ̀mí ẹni méjì lórí họ́ọ̀sì kan: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ mòòkùn ní Lomé mọ̀

Ẹni tó bá dúró létí òkun Lomé yóò rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó tò sójú agbami, tí wọ́n ń dúró de àyè láti wọ èbúté. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ni iṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn. Ìdí ọkọ̀ ń fẹ́ fífọ̀, okùn àti àwọ̀n sì máa ń wé mọ́ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ẹni tó máa tú u gbọ́dọ̀ mòòkùn. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń ṣe é jẹun, àwọn mìíràn ń mòòkùn fún ìgbádùn, bí wọ́n ti ń ṣe ní Dakar àti ní erékùṣù Cape Verde. Bí ọmọ yín bá sọ pé òun fẹ́ kọ́ ọ, tàbí tí wọ́n bá gbé irinṣẹ́ tókunbọ̀ rẹ̀ wá bá yín lọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà bi ara wọn ni pé: báwo ló ṣe yẹ kí họ́ọ̀sì tí a fi ń mí gùn tó? Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá tán lọ́rùn ẹnì kejì lèèyàn máa ń mọ̀ pé kì í ṣe kékeré.

Bí irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ wo sílíńdà gáàsì tó wà nílé ìdáná yín. Sílíńdà wà, rẹ́gúlétọ̀ wà lórí rẹ̀, họ́ọ̀sì ló so ó mọ́ sítóòfù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti amòòkùn rí, àfi pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́ ló wà nínú sílíńdà tirẹ̀, kì í ṣe ọ́síjìn nìkan bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju bar 2 ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n sílíńdà amòòkùn tó kún máa ń tó bar 200. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, rẹ́gúlétọ̀ tó wà lẹ́nu sílíńdà máa ń sọ ọ́ di bíi bar 10 ju ti omi tó yí i ká lọ, èyí tó wà lẹ́nu amòòkùn á wá sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè mí. Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ló ṣe irú èyí tó wá gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1943.

Họ́ọ̀sì mẹ́rin ló sábà máa ń jáde lára rẹ́gúlétọ̀ náà. Ọ̀kan lọ sẹ́nu amòòkùn. Ọ̀kan lọ sára ẹnu kejì, tí wọ́n ń pè ní octopus, èyí tí ẹlòmíràn lè fi mí. Ọ̀kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sì lọ sára géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù.

Ìṣirò tó yẹ kí gbogbo èèyàn ṣe

Lójú omi, agbára afẹ́fẹ́ jẹ́ bar 1. Ní mítà 10 nísàlẹ̀ ó di 2, ní mítà 20 ó di 3, ní mítà 30 ó di 4. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lókè yóò mí 80 ní mítà 30. Bí ẹni méjì bá ń mí láti inú sílíńdà kan, ó di 160. Sílíńdà onílítà 12 tí géèjì rẹ̀ ń ka bar 50 kò ní ju lítà 600 nínú lọ. Ẹ pín in, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀, a kì í sáré gòkè láti inú omi. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń fẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gòkè, náítírójìn inú ẹ̀jẹ̀ sì lè hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣí lójijì. Mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kọ́ni. Èyí fi hàn pé láti mítà 30, ìrìn náà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lò á máa dín kù bí wọ́n ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè mí ní ìlọ́po méjì. Kò sí àyè láti fi ìdajì ìṣẹ́jú wá họ́ọ̀sì tó há sábẹ́ apá.

Àpẹẹrẹ Escravos

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé lágbami nítòsí Escravos, ní Nàìjíríà. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Alásè ọkọ̀ náà, Harrison Okene, nìkan ló yè. Ó lo bíi wákàtí 60 níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí nínú ọkọ̀, ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀. Àwọn amòòkùn tó wá kó òkú ló bá a láàyè. Wọn kò kàn fà á lọ́wọ́ jáde. Wọ́n kọ́kọ́ fi ohun èlò ìmí sí i lójú, wọ́n wá rọra mú un gba inú ọkọ̀ tó ṣókùnkùn náà kọjá. Okene fúnra rẹ̀ padà kọ́ iṣẹ́ amòòkùn lẹ́yìn náà.

Àwọn tó gbà á là jẹ́ òṣìṣẹ́ tí họ́ọ̀sì gígùn ń gbé afẹ́fẹ́ wá bá láti ibòmíràn. Ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn kò ní irú ìyẹn. Ẹni tí wọ́n jọ wọ omi ni sílíńdà rẹ̀ kejì.

Èwo la máa yàn?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, họ́ọ̀sì ẹnu amòòkùn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 75, ti octopus sì tó mítà kan. Wọ́n máa ń fi àwọ̀ yẹ́lò ṣe octopus, wọ́n á sì fi í há àárín àyà níbi tí ẹnì kejì ti lè tètè rí i. Èyí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nínú ti ìkejì, họ́ọ̀sì ẹnu amòòkùn gan-an ló gùn, bíi mítà 1.5. Á gba abẹ́ apá ọ̀tún, á dábùú àyà, á yí ẹ̀yìn ọrùn kó tó dé ẹnu. Ẹnu kejì wà lórí họ́ọ̀sì kúkúrú bíi sẹ̀ǹtímítà 60, tí a fi rọ́bà so kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà. Bí afẹ́fẹ́ ẹnì kejì bá tán, èyí tó wà lẹ́nu yín lẹ ó fún un, ẹ ó sì mú tọrùn yín. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó ń wá èémí máa ń já èyí tó rí lẹ́nu ẹlòmíràn, torí ó dá a lójú pé ìyẹn ń ṣiṣẹ́.

Ìkẹta dà bí ìkejì, àmọ́ mítà 2.1 ni họ́ọ̀sì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọ ihò àpáta abẹ́ omi ní Florida ló ti gbilẹ̀. Ihò tó há kò gba ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí èkejì tẹ̀ lé e.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní Lomé, ìgbì máa ń le létí òkun, àwọn apẹja sì ń fa àwọ̀n ńlá wọn wá sí èbúté. Họ́ọ̀sì tó bá ń fì lè kọ́ àwọ̀n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè lo ti àkọ́kọ́, bí ó bá há octopus rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ yóò jàǹfààní mítà 1.5, torí pé ó lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń jẹ́ kí ẹni méjì lúwẹ̀ẹ́ láìfara gbún ara wọn. Kí a fi mítà 2.1 sílẹ̀ fún ẹni tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wo orúkọ ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, EN 250, lára rẹ́gúlétọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá èyí tí wọ́n ń yí wọ sílíńdà ni, tí wọ́n ń pè ní DIN, tàbí èyí tó ń gbá a mú láti òde. Èyí tí kò bá sílíńdà yín mu, owó àsọnù ni.

Ẹ tẹ họ́ọ̀sì ká. Bó bá là, tó wú, tàbí tó rọ̀ jù níbì kan, ẹ dá a padà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n hun lára. Inú àwọn kan nínú wọn máa ń bàjẹ́ nínú ooru bíi tiwa, láìjẹ́ pé òde rẹ̀ fi nǹkan kan hàn, ègé rẹ̀ á sì dí ọ̀nà èémí. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi họ́ọ̀sì gáàsì tàbí ti fọganáísà pààrọ̀ rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹni méjì tó fẹ́ wọ omi kọ́kọ́ dúró lórí ilẹ̀, kí wọ́n fi ara wọn hàn: èwo ni mo máa fún ẹ, ọwọ́ wo ni mo máa fi fún ẹ, ibo ni tèmi wà? Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ wọn tó kan omi. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.