Ooru Inú Òkìtì Ajílẹ̀ Ń Pa Kòkòrò Àrùn, Ṣùgbọ́n Ẹ Ṣọ́ra fún Eruku Rẹ̀

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ìkórè sì parí ní agbègbè Gwagwalada, ní Olú-ìlú Àpapọ̀ ní Àbújá, pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà pẹ̀lú ìtàkùn iṣu ni ó máa ń kún inú oko. Iná ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sọ sí wọn. Èéfín rẹ̀ a sì máa yọ tọmọdé tàgbà lẹ́nu, pàápàá àwọn tí mímí ti nira fún tẹ́lẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí à ń dáná sun yìí lè di ajílẹ̀ tí kò ní fa àìsàn, bí a bá fún àwọn bakitéríà kan tí ó fẹ́ràn ooru láyè láti ṣe iṣẹ́ wọn. Bakitéríà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń fa àrùn.

Bí a bá kó pàǹtírí oko jọ, tí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ, tí a sì bomi rin ín, àwọn bakitéríà tí kò fẹ́ ooru púpọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ohun tí ó rọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹun ni òkìtì náà ń móoru. Nígbà tí ooru náà bá kọjá ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, púpọ̀ nínú wọn kò ní lè fara dà á mọ́. Nígbà náà ni àwọn tí ó fẹ́ràn ooru yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thermobifida fusca. Ó máa ń tú oje kan jáde tí ó ń gé àwọn okun líle inú ewéko, èyí tí inú ènìyàn kò lè dà. Ooru àárín òkìtì lè dé 65, ó sì lè tó 70 nígbà mìíràn.

Ooru yìí gan-an ni ó kan ìlera wa. Ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti ẹran tí kò tíì jẹrà lè ní ẹyin aràn àti kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru nínú. Ẹyin aràn inú lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àgbẹ̀ bá da irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́ ní etí odò Usuma, ẹni tí ó jẹ ẹ̀fọ́ náà láìfọ̀ ọ́ dáadáa lè kó àrùn, àgbàrá sì lè gbá ìgbẹ́ náà lọ sínú odò.

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006 lórí lílo ìgbẹ́ ènìyàn fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n ní kí ooru òkìtì kọjá 50 fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Ìlànà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ọdún 1993 lórí ẹ̀gbin inú ṣáláńgá ìgbàlódé le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá tò ó ní ebè gbọọrọ, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 55 fún ọjọ́ 15, kí a sì yí i nígbà 5 láàárín àkókò náà. Ìdí tí a fi ń yí i ni pé ẹ̀gbẹ́ òkìtì kì í gbóná tó àárín. Kòkòrò àrùn tí ó sá sí ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ dé àárín náà.

Kí òkìtì tó lè gbóná, ó yẹ kí ó ga tó mítà 1, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ó tutù bí kànìnkànìn tí a ti fún omi rẹ̀ dànù. Bí omi bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní ráàyè wọlé, òkìtì yóò sì máa rùn.

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sílẹ̀ ní Bódìjà ní àwọn ọdún 1990, láti sọ pàǹtírí ọjà àti ìgbẹ́ odò ẹran di ajílẹ̀.

Síbẹ̀, ó ní ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra. Díẹ̀ nínú àwọn bakitéríà tí ó fẹ́ràn ooru a máa hù nínú koríko tí a kó jọ ní tútù, tí ó sì bu. Bí a bá tú u, eruku rẹ̀ lè fa àìsàn kan tí a ń pè ní ẹ̀dọ̀fóró àgbẹ̀. Ní ọdún 1963, Jack Pepys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn bakitéríà wọ̀nyí ni ó wà nídìí rẹ̀. Ara gbígbóná, òtútù, ikọ́ àti èémí kúkúrú ni àmì rẹ̀, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí 4 sí 8 lẹ́yìn iṣẹ́. Ó rọrùn láti pè é ní ibà. Bí ó bá ń ṣe ènìyàn léraléra, ó lè dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ wọn omi sí òkìtì kí ó tó yí i, kí ó dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ó lo ìbomú, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹni tí irú ibà bẹ́ẹ̀ bá ń tẹ̀lé iṣẹ́ oko rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ irú iṣẹ́ tí ó ṣe fún dókítà.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì ajílẹ̀ ní ohun tí ó ń kọ̀: ọ̀rá, ike, ìgò àti òkú bátìrì. Kò sí bakitéríà inú òkìtì tí ó lè sọ ìwọ̀nyí di oúnjẹ ilẹ̀.