Àgékúrú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nínú Lẹ́tà Òwò

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé rí, tó ń ta òrí fún àwọn ará òkè òkun báyìí, sáré wá sí ilé mi lọ́jọ́ kan. "Ẹ gbà mí o, Tíṣà!" Oníbàárà kan láti Amẹ́ríkà ti kọ ímeèlì sí i pé kí ó fi iye owó ọjà ránṣẹ́ "by COB Friday". Ó rò pé COB ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi! Ibi tó ti ń wádìí ọkọ̀ náà kiri Àpápá ni ọjọ́ Ẹtì ti kọjá lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. COB ni ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti ṣíwọ́? Nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Èkó, aago kan òru ọjọ́ kejì ti lù ní Tokyo. Ní New York, wọ́n ṣì ń ronú oúnjẹ ọ̀sán. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ wákàtí, kí ẹ sì dárúkọ ìlú tó ni aago náà.

ASAP ńkọ́? Ẹ má kọ ọ́ sí ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ dáadáa. Létí ẹlòmíràn, àṣẹ ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni FOB àti CIF, nítorí pé owó ló wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ wọn wà nínú Incoterms, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé tó wà ní Paris kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1936. Ti 2020 la ń lò báyìí. Bí ẹ bá kọ FOB Lagos, ìnáwó yín parí nígbà tí ọjà bá wọ ọkọ̀ ní èbúté. Oníbàárà ni yóò san owó ọkọ̀. Bí ẹ bá kọ CIF Hamburg, ẹ̀yin lẹ ó san owó ọkọ̀ àti ti ìnṣọ́ránsì dé Hamburg. Ẹni tó bá kọ CIF sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó FOB ti fi èrè rẹ̀ san owó ọkọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tún máa ń kọ FOB destination láàárín ara wọn, ìyẹn ni pé ewu ọjà wà lọ́rùn ẹni tó tà á títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ẹ kọ ọ́ tán pátápátá: FOB Lagos, Incoterms 2020. (Bí inú kọ̀ǹténà ni ọjà wà, ẹ bi agẹ́ńtì yín léèrè FCA.)

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ náà kọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Oníbàárà náà dá a lóhùn lọ́jọ́ Ajé.