Wíwọn Èéfín tí Ẹnì Kọ̀ọ̀kan ń Fà Símú

Afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, Ọ̀fà Gáréèjì ní ìlú Ìlọrin ni a ó sì ti mú àpẹẹrẹ wa. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ ní òwúrọ̀ mọ bí ó ti máa ń rí: awakọ̀ ń pe èrò, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ń tú èéfín, alákàrà ń koná lẹ́bàá títì, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Gáréèjì kan náà ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n ṣé iye èéfín kan náà ló ń wọ inú wọn bí?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tó léwu jù lọ nínú èéfín, ojú kò lè rí i. Àwọn hóró kíún-kíún ni, tí ìbú wọn kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Irun orí ẹyọ kan nípọn tó nǹkan bí ọgbọ̀n wọn. Imú a máa dá eruku ńlá dúró, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí a máa wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, wọn a sì máa dá kún àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé, nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má ṣe ju máíkírógíráàmù 15 lọ ní ọjọ́ kan, kí ìpíndọ́gba ọdún má sì ju 5 lọ.

Irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin. Ní ọdún 1998 ni wọ́n gbé irinṣẹ́ kan kalẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin lábẹ́ ètò AERONET ti àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oòrùn ni ó ń wò, láti ṣírò bí eruku ọyẹ́ àti èéfín ti dí ìmọ́lẹ̀ tó láti òkè sánmà títí dé ilẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó ń wo ojú ọ̀run kò lè sọ ohun tí alákàrà fà símú nídìí iná rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi nílò ẹ̀rọ kékeré alágbèéká, tí a lè so mọ́ àyà tàbí ìgbànú. Fáànù inú rẹ̀ a máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, iná léésà a sì tàn sí i. Bí hóró bá ti ń kọjá, ìmọ́lẹ̀ yóò tú ká, gẹ́gẹ́ bí eruku ti máa ń hàn nínú ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Láti ara ìmọ́lẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣírò. Ní Kintampo, ilẹ̀ Gánà, láti ọdún 2013, àwọn aboyún gbé ẹ̀rọ kékeré kiri, kí àwọn olùwádìí lè mọ iye gáàsì olóró tó ń ti ìdí ààrò wọ inú wọn. Ní Kampala, ètò AirQo ti Yunifásítì Makerere, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, so ẹ̀rọ mọ́ ara ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò àpẹẹrẹ lásán là á yé ara wa. Ká ní alákàrà lo wákàtí 2 nídìí iná níbi tí ìwọ̀n ti jẹ́ 200, tó sì lo wákàtí 22 yòókù níbi tó ti jẹ́ 20. 200 lọ́nà 2 jẹ́ 400. 20 lọ́nà 22 jẹ́ 440. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 840. Bí a bá pín in sí wákàtí 24, ìpíndọ́gba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 35. Ẹ ṣàkíyèsí pé wákàtí 2 péré ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìdajì rẹ̀ wá. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má fi ẹ̀rọ náà ṣe òrìṣà. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin a máa mú kí àwọn hóró wú, ẹ̀rọ a sì ka iye tó ju òtítọ́ lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku tó tóbi a máa bọ́ mọ́ ọn lójú. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ to gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ sójú kan fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, kí ó wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí ó bá rí irinṣẹ́ àgbà, kí ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tó gbé ẹ̀rọ sì máa kọ wákàtí àti ibi tó wà sílẹ̀, nítorí iye tí kò ní ìtàn kò lè kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ní ìparí, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ìyá alákàrà kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún un. A kò wọn èéfín rẹ̀ kí wọ́n lè lé e kúrò nídìí ọrọ̀ ajé rẹ̀. A wọ̀n ọ́n kí òun fúnra rẹ̀ lè mọ̀ bóyá igi gbígbẹ, ààrò tó sàn jù, tàbí kí ó kàn yí ìjókòó rẹ̀ kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ, yóò dín ohun tí òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà símú kù.