Sàláàdì Rírà fún Àsè Ilé

Ẹ̀yin ìyá ilé, àti ẹ̀yin baba tí ẹ ń sanwó àsè, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò kí ìgbéyàwó tàbí ìkómọ mìíràn tó kan ilé yín. Ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, bí Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìgèdè àti Ìfàkì, kò sí ẹni tí yóò pe àsè kí ó má kọ́kọ́ ronú iyán. Iyán ni ọlá Èkìtì. Ṣùgbọ́n lóde òní, àlejò tí ó bá jókòó sídìí tábìlì a tún máa wò bóyá òun yóò rí sàláàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì òun. Ìbéèrè tí ó wá dé iwájú ìyá ilé nìyí: ṣé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sàláàdì náà ni, tàbí kí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é tà?

Èrò tiwa ni pé kò sí àbùkù kankan nínú rírà á. Ohun tí ó lè mú àbùkù wá, àti àìsàn pẹ̀lú, ni kí a rà á láìwádìí, kí a sì gbé e kalẹ̀ sínú ooru títí àlejò yóò fi dé.

Àwọn kan ń wí pé obìnrin tí ó bá ra oúnjẹ fún àlejò rẹ̀ jẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ríra oúnjẹ tí a ti sè tán kì í ṣe àṣà àjèjì láàárín wa. Míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà nì, Thomas Jefferson Bowen, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1857 nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin tí ń ta oúnjẹ sísè lọ́jà. Ìyá mélòó nínú àwọn ìyá wa ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀kọ tí ilé rẹ̀ ń jẹ? Ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, bí wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí alákàrà àti olólèlè, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ nítorí rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Obìnrin tí ó jí ní àkùkọ ìdájí láti bẹ iṣu, láti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, àti láti ṣa òkúta inú ìrẹsì Ìgbẹmọ, ó ti ṣe iṣẹ́ tó. Bí ó bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ọgbọ́n ni ó gbọ́n.

Síbẹ̀, sàláàdì yàtọ̀ sí ẹ̀kọ, ó sì yàtọ̀ sí mọ́ínmọ́ín. Ẹ wo tábìlì àsè dáadáa: iyán, ọbẹ̀, ìrẹsì, ẹran, ẹja, gbogbo wọn ni ó ti la iná kọjá. Sàláàdì nìkan ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò rí iná rárá. Ẹ̀fọ́ tiwa, bí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, inú ìkòkò gbígbóná ni a ń kó wọn sí, iná a sì pa kòkòrò àrùn tí ó bá wà lára wọn. Yánrin pàápàá, tí àwọn onímọ̀ ewéko kà sí ìbátan lẹ́tíùsì, sísè ni àwọn ìyá wa sábà máa ń sè é. Nítorí náà, ohun tí iná ń ṣe fún ọbẹ̀, omi mímọ́ àti ọwọ́ mímọ́ nìkan ni ó lè gbìyànjú láti ṣe é fún sàláàdì.

Ọ̀nà tí ewé wọ̀nyí sì ń bá dé ọ̀dọ̀ wa jìn. Púpọ̀ nínú kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti lẹ́tíùsì tí a ń rà láti Jos ni ó ti ń wá, níbi tí ilẹ̀ gbé ga tí atẹ́gùn sì tutù. Láti orí òkè náà títí dé ọjà Adó, ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń kàn wọ́n, eruku ọ̀nà sì ń bá wọn. Bí a bá fi omi àìmọ́ bomi rin wọ́n lóko, tàbí tí a fi omi àìmọ́ fọ̀ wọ́n lọ́jà, ibà tàífọ́ọ̀dù àti àrùn onígbá méjì lè bá wọn wọlé. Ọ̀pọ̀ ń rò pé omi iyọ̀ ti tó láti fọ ewé. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé omi iyọ̀ nìkan kò lè pa gbogbo kòkòrò àrùn. Kí a kọ́kọ́ fi omi mímọ́ tí ń ṣàn fọ ewé kọ̀ọ̀kan, kí iyanrìn rẹ̀ kúrò pátápátá, ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo.

Ewu kejì ni ooru. Nínú ìlànà márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2001 nípa oúnjẹ tí kò léwu, ọ̀kan ni pé kí a pa oúnjẹ mọ́ ní ìwọ̀n ooru tí ó yẹ: kí ohun tútù wà ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ohun gbígbóná kọjá ìwọ̀n 60, kí a má sì fi oúnjẹ sísè sílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ. Ẹyin sísè wà nínú sàláàdì tiwa, ẹ̀wà inú agolo wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀dùnkún tàbí ẹja sàdíìnì a tún wà níbẹ̀. Òfin yìí sì kan gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí alásè bá po sàláàdì ní agogo 7 òwúrọ̀, tí ìsìn parí ní agogo 12, tí àlejò jókòó ní agogo 1, tí àwo oúnjẹ sì kàn wọ́n ní agogo 2, wákàtí 7 ni sàláàdì náà ti lò. Bí kò bá sí yìnyín lábẹ́ rẹ̀, nínú ooru ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó máa ń kọjá ìwọ̀n 30, ta ni yóò yà lẹ́nu bí inú bá ń run àlejò ní òru?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ má ṣe ra sàláàdì tí a ti pò pọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí ń ṣe é pé kí ó gbé ewé gígé sínú abọ́ tirẹ̀, ẹyin àti ẹ̀wà sínú tiwọn, kí ó sì jẹ́ kí sàláàdì kíríìmù wà nínú ìgò rẹ̀ láìṣí i. Kíríìmù yìí, tí ilé iṣẹ́ Heinz gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 1914, ọdún kan náà tí a da Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, ní ọtí kíkan nínú, èyí tí ń mú kí ó pẹ́ nínú ìgò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti rò ó mọ́ ewé àti ẹyin, agbára ọtí kíkan náà a dín kù, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ewé. Nígbà tí a bá ń bu oúnjẹ ni kí a tó pò wọ́n pọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò ti ń jókòó.

Kí a tó san owó àsansílẹ̀, ó yẹ kí a béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣe é: omi wo ni ó fi ń fọ ewé? Ìgbà wo ni yóò gé e? Ǹjẹ́ ọ̀bẹ àti pákó tí ó fi ń gé ẹran tútù yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ń gé ewé? Kí ni yóò fi gbé e wá, ǹjẹ́ yìnyín sì wà nínú rẹ̀? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Bí ó bá bínú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ó dára pẹ̀lú kí a ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí a tọ́ ọ wò nílé.

Ní ọjọ́ àsè, ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́: bí omi bá ti dárogún síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí a ti gé e. Lẹ́tíùsì kò gbọdọ̀ máa yọ̀ lọ́wọ́, kábéèjì kò gbọdọ̀ máa rùn kíkan, kárọ́ọ̀tì sì gbọ́dọ̀ máa dún lẹ́nu bí a bá jẹ ẹ́. Ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ẹ fi sábẹ́ òjìji, ẹ sì fi ọmọ kan tí ó gbọ́n tì í.

Ẹ má ṣe rà á ní àràjù. Bí ẹ bá pe 50 ènìyàn, ìwọ̀n ife tíì kan tó fún ẹnìkan, nítorí iyán àti ìrẹsì ni yóò gba àyè inú wọn. Fún aboyún, arúgbó àti ọmọ kékeré, tí àìsàn inú máa ń ṣe ní ibi ju ẹlòmíràn lọ, ẹ̀fọ́ rírò gbígbóná sàn ju ewé tútù lọ. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ dè wọ́n. Èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti pò ó, ẹ má ṣe dì í fún àlejò tí ń padà sí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìfàkì, ẹ má sì fi í di ọjọ́ kejì. Ẹran díndín ni kí ẹ dì fún wọn.

Bí àlejò bá jẹun tán tí ó yin iyán yín, ẹ̀yin ni ó yìn. Bí ó bá yin sàláàdì náà, ẹ sọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é fún un láìtijú, kí iṣẹ́ obìnrin náà lè gbèrú, kí ilé mìíràn pẹ̀lú sì lè mọ ibi tí wọn yóò gbà.