Òwú, Pátákó àti Ìrì: Bí Òkè Àjà Ilé Ìlú Ọba Ṣe Ń Gbẹ

Omi tó ń kán láti òkè àjà ní oṣù Kìíní, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni òjò ń fà á. Nígbà mìíràn, wọ́n á pe oníṣẹ́ òrùlé, kò ní í rí táìlì kankan tó fọ́. Inú ilé gan-an ni omi náà ti wá.

Ẹ wo ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì: kò pẹ́ tí omi á fi bò ó lára, bẹ́ẹ̀ ìgò kò jò. Omi inú afẹ́fẹ́ ló bá ara tútù pàdé tó di ìrì. Ní ilé, sísè, wíwẹ̀, aṣọ tí a sá sí pálọ̀, àní èémí wa pàápàá, ń tú omi sínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí á gba ẹnu àjà, ojú iná àti ẹ̀gbẹ́ páìpù gòkè lọ bá aṣọ dúdú tó wà lábẹ́ táìlì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí òtútù bá mú gan-an: ẹ lè rí ẹ̀kán omi ní ṣóńṣó ìṣó, nítorí irin a máa gbé òtútù ìta wọlé ju igi lọ. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Òwú tí a tẹ́ sí òkè àjà láti dá ooru dúró lè dá kún un. Ó ń sé ooru mọ́ ìsàlẹ̀ kí owó gáàsì lè dínkù, òkè á wá túbọ̀ tutù. Kò sí aburú níbẹ̀, bí òkè bá ti gbẹ. Kí afẹ́fẹ́ olómi má ráyè gòkè, kí atẹ́gùn ìta sì máa fẹ́ kọjá lókè, gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn.

Kí ẹ tó ra òwú, ẹ dí gbogbo ihò tí wáyà àti páìpù gbà kọjá. Ẹ fi rọ́bà sí etí ìlẹ̀kùn àjà, kí ẹ sì lẹ òwú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tọpa fáànù balùwẹ̀ dé ibi tí páìpù rẹ̀ parí sí. Ní àwọn ilé kan, òkè àjà ló ń tú oru sí, ìta ló sì yẹ kó máa tú u sí.

Etí òrùlé ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ má ki òwú débẹ̀ pa. Ẹ fi àlàfo bíi mílímítà 50 sílẹ̀.

Pátákó tí wọ́n ń tẹ́ sókè àjà kí wọ́n lè kó ẹrù síbẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ìwọ̀n òwú tí wọ́n ń dámọ̀ràn ní Ìlú Ọba ni mílímítà 270: 100 láàárín àwọn igi àjà, 170 ní ìdábùú lórí wọn. Igi ọ̀pọ̀ ilé kò ga ju 100 náà lọ. Ẹni tó bá kan pátákó mọ́ igi tààrà, yálà kó má tẹ́ ìpele kejì, tàbí kó tẹ òwú pẹlẹbẹ. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú ló sì ń dá ooru dúró. Àwọn ẹsẹ̀ oníke kan wà tí wọ́n ń kàn mọ́ igi, tí pátákó á fi ga ju òwú lọ, tí àlàfo á sì wà láàárín wọn, torí ìrì lè sẹ̀ sábẹ́ pátákó náà. Owó wọn kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó yẹ̀ ẹ́. Kò sì pọn dandan kí pátákó bo gbogbo àjà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú òrùlé ọ̀pọ̀ ilé òde òní kò wà fún ẹrù wúwo: dúrọ́ọ̀mù ẹrù tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ìsàlẹ̀ ni kó wà.

Bí a bá ti tẹ́ òwú, páìpù omi òkè á tutù sí i, ẹ wé e kó má baà dì. Ẹ bo orí àti ẹ̀gbẹ́ táńkì omi tó bá wà níbẹ̀, ẹ má fi òwú sábẹ́ rẹ̀. Wáyà ńkọ́? A máa gbóná bí òwú bá bò ó, pàápàá ti ẹ̀rọ ìwẹ̀ oníná. Ẹ gbé e sórí òwú. Èyí tí kò bá gùn tó, kí oníṣẹ́ iná wò ó kí pátákó tó bò ó.