Èéfín Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹni tó bá dúró létí òkun ní Àgbádárìgì, tí atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́ láàárín igi àgbọn, kò ní gbà pé afẹ́fẹ́ agbègbè náà lè ṣeni níjàǹbá. Kó wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 2 ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láti Ọ̀kọ́kọ́máíkò síwájú, dánfó àti ọkọ̀ àjàgbé á ti to síra wọn, èéfín dúdú á máa tú lẹ́yìn wọn, ọmọ iléèwé àti ìyá oníbúrẹ́dì á sì máa fà á símú.

Ohun tó léwu jù nínú èéfín náà, ojú kì í rí i. Ẹ̀rún kéékèèké ni, irun orí kan ṣoṣo nípọn tó ọgbọ̀n wọn. Imú kò lè sẹ́ wọn, ikọ́ kò lè lé wọn jáde. Wọ́n á gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì máa fa àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti òtútù àyà. Tí ọyẹ́ bá tún gbé eruku Sàhárà dé, ó ń burú sí i ni.

Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní Èkó. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ọgọ́ta ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ọkọ̀, iléeṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni báńkì náà tọ́ka sí. Tòkúnbọ̀ tó ti gbó ló pọ̀ jù lójú títì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀ nìkan. Epo tí wọ́n ń tà fún un kò mọ́. Ní 2016, àjọ Public Eye ti Switzerland yẹ epo wò ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́jọ, tí Bẹ̀nẹ̀ tó múlé ti Sẹ̀mẹ̀ wà lára wọn. Nínú dísù tó burú jù, wọ́n bá imí ọjọ́ tó tó ìlọ́po 378 iye tí òfin Yúróòpù gbà láàyè. Àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò ní 2020 pé kí epo tó bá ń wọlé mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ láti 2021. Àdéhùn nìkan kò tó. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ epo wò ní èbúté, kí wọ́n sì dá èyí tí kò mọ́ padà.

Èéfín ẹja yíyan náà ń bẹ o. Obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àwọn abúlé etí omi, igi ni wọ́n fi ń dáná, ọmọ ọwọ́ sì lè wà lẹ́yìn wọn nídìí iná. Láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ààrò Chorkor, tó gba orúkọ rẹ̀ lára àdúgbò apẹja kan ní Accra, ti ń dín igi àti èéfín kù. Ìjọba ìbílẹ̀ lè mọ ọ́n fún wọn.

Ní ti ọ̀nà, ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi àyè ọkọ̀ ojú irin sáàárín. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ Blue Line, tó ń fi iná mànàmáná rìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Kí ìjọba tètè gbé e dé Ọ̀kọ́kọ́máíkò bí wọ́n ṣe ṣèlérí, kí wọ́n sì fà á dé Àgbádárìgì. Ọmọ tó ń gbé lẹ́bàá títì kò lè dúró de ọdún mẹ́rìnlá mìíràn.