Àgbá Àlòkù Di Ààrò Onítáyà

Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹja yíyan jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń mú ọbẹ̀ wa dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ń yan án kì í sinmi: èéfín ń ta wọ́n lójú, ooru sì ń nà wọ́n láyà. Ìdí nìyí tí àwa olùkọ́ mélòó kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi pinnu láti fi irin àlòkù ṣe ààrò tí ó ní ìdérí àti táyà, èyí tí a lè fà lọ sí etí omi tàbí ibi ayẹyẹ.

Ohun tí a kó jọ kò pọ̀: àgbá irin oní-lítà 200 kan, àgbá kékeré kan, páìpù irin, irin ara bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, àti táyà méjì pẹ̀lú ọ̀pá wọn tí a rà lọ́wọ́ àwọn tí ń tú ọkọ̀ tí ó ti kú.

Ọ̀rọ̀ àgbá gba ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ àgbá ìgboro wa ló ti gbé kpayo rí. Bí ó tilẹ̀ gbẹ, oru epo lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo sì tó láti mú un bú gbàmù lójú jórinjórin. Nítorí náà, èyí tí ó gbé òróró jíjẹ la yàn. A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra, a sì fi òòlù àti irin mímú gé ẹnu rẹ̀ láìlo iná. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn náà ni a dáná ńlá sínú rẹ̀ ní gbangba kí ọ̀dà lè jó tán, tí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì irin họ ọ́. A kò lo irin tí a fi síńkì bò, nítorí èéfín síńkì máa ń fa ibà fún ẹni tí ń jó o.

A dá àgbá ńlá dùbúlẹ̀, a sì so àgbá kékeré, ilé iná, mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èéfín ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń kọjá lórí ẹja, ó sì ń bá páìpù tí ó wà ní ìkángun kejì jáde. Ìlẹ̀kùn kékeré ilé iná la fi ń dín afẹ́fẹ́ kù. Àgbá wà níwájú táyà díẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ọkọ̀ àfàlẹ́yìn yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà.

Kí ló dé tí iná kò fi sí lábẹ́ ẹja? Bí ọ̀rá bá ń kán sínú iná, èéfín rẹ̀ a máa gbé benzo(a)pyrene, tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, padà sára ẹja. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà ju máíkírógíráàmù 2 rẹ̀ lọ nínú kílò kan ẹja yíyan. Ààrò FTT-Thiaroye, tí a ṣe ní Sẹ̀nẹ̀gà pẹ̀lú àjọ FAO, náà ń gba ọ̀rá sápá kan kí ó má bàa kán sínú iná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irin tí ẹ ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ lè tu ojú ìyá yín lára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé òòlù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àgbá náà ti gbé rí.